Gbogbo Tuntun Tí Mo Gbà Lẹ́ẹ̀kan Náà

Tolúwalọpẹ́ ọmọ mi,

Èmi ni mo ba ètò kọ̀ǹpútà tí o ṣe fún kànga ẹ̀rọ àdúgbò wa jẹ́ lọ́jọ́sí, kì í ṣe ìwọ. Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí n sọ ọ́. Jẹ́ kí n wá kí ọ báyìí: ṣé àlàáfíà ni o wà ní Yábàá, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o ń jẹun kí o tó jókòó ti kọ̀ǹpútà? Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ràn díẹ̀, ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, wọ́n sì ti da òkúta sí ojú ọ̀nà wa níhìn-ín ní Ìfọ̀, òkúta nìkan ni o, ọ̀dà kò tíì dé.

O mọ̀ pé ètò yẹn ló ń pín omi fún ojúlé kọ̀ọ̀kan ní àsìkò tirẹ̀ kí ìjà má bàa wà. O ti ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe ìwọ nìkan lo ṣe gbogbo rẹ̀, pé o yá àwọn ẹ̀yà kan lò lára iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn káàkiri ayé, àti pé àwọn yẹn a máa tún tiwọn ṣe láti ìgbà dé ìgbà. O ní bí kọ̀ǹpútà bá sọ pé tuntun ti dé, kí n pè ọ́ kí n tó fọwọ́ kàn án. Mo mi orí bí ẹni tó gbọ́. N kò gbọ́. Orúkọ àwọn tó ṣe ẹ̀yà wọ̀nyẹn tí mo ń rí lójú kọ̀ǹpútà, mo rò pé òṣìṣẹ́ rẹ ni wọ́n, mo ń gbàdúrà fún wọn láràárọ̀, mo sì ń bínú pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wá kí bàbá ọ̀gá wọn.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún ni ọ̀ràn dé. Pásítọ̀ ti ní kí ohun àtijọ́ má bá ẹnikẹ́ni wọ ọdún tuntun. Ìyá rẹ da ìkòkò tó ti lu nù, mo dáná sun bàtà mi kan, ìgbà tí mo sì ṣí kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo rí i tí àwọn ẹ̀yà tuntun tò bí àlejò tó gbé ẹ̀bùn dání. Èmi ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ní a kì í gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnì kan kí a dá ti ẹnì kejì padà. Mo tẹ ibi tó ní kí n gba gbogbo rẹ̀. Mo ní ẹ ṣeun, mo tún tẹríba fún kọ̀ǹpútà.

Ní ọjọ́ ọdún, omi kò yọ ní ojúlé kankan, nítorí àwọn ẹ̀yà tuntun náà kò bá ètò rẹ mu. Ìyá Nùsírátù, aládùúgbò wa, gbé garawa wá bá mi, ó ní òun tí òun jẹ́ Mùsùlùmí kò bá wa ṣe ìsìn àìsùn, kí ló wá dé tí omi òun kò tíì jí. Alhaji Sàlísù, alága ẹgbẹ́ onílé, bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ni mo bá sọ níwájú gbogbo wọn pé ọmọ ni ọmọ ń jẹ́, pé iṣẹ́ rẹ ni kò dára tó.

Ìgbà tí o dé, o béèrè fíláàṣì tí o fi sí ìkáwọ́ mi, èyí tí o kó ẹ̀dà ètò náà sí nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kí a lè padà sí ibi tí a ti wà tẹ́lẹ̀. Mo ní mo wá a tì. Bí o bá rí i, omi yóò yọ lójú ẹsẹ̀, gbogbo ènìyàn yóò sì mọ̀ pé àgbàlagbà ló tẹ ohun tí kò yé e. O tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń pọn omi, èmi náà ń pọn omi, mo sì ń kùn sí ọ bí mo ti ń pọn ọ́n.

Ìgbà tí o wá ránṣẹ́ láìpẹ́ yìí pé ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tí o yá ní ihò tí olè lè gbà wọlé, pé a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ kíá, ẹgbẹ́ onílé kọ̀. Wọ́n ní ọmọ Tíṣà tó ba tàkọ́kọ́ jẹ́ kò ní fọwọ́ kan èyí. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọ́n fi ń lù ọ́. Nítorí náà ní ìpàdé tó kọjá, mo dìde, mo jẹ́wọ́. Alhaji Sàlísù rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́, ó ní Tíṣà tó ń fi pàṣán lé irọ́ jáde lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ! Ìyá Nùsírátù ní kí wọ́n fi mí ṣe apọnmi àdúgbò títí láé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè bí a ó ṣe mọ̀ pé kò ní bàjẹ́ mọ́. Mo ní ẹni tó ń pààrọ̀ òpó ilé kì í fa gbogbo rẹ̀ yọ lẹ́ẹ̀kan kó wá máa wo òrùlé. Mo ní, bí o ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, wàá kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà, wàá ka ohun tí ẹni tó ni ẹ̀yà náà sọ pé òun yí padà, wàá pààrọ̀ ẹyọ kan lórí ẹ̀dà tí a kò so mọ́ pọ́ǹpù, wàá dán an wò, kí o tó kan òmíràn. Bí ọ̀kan bá ṣẹ̀, a ó mọ ẹni tó ṣẹ̀. Wọ́n gbà. Wọ́n ní kí o máa bọ̀ ní Sátidé.

Bí o bá ń bọ̀, jọ̀wọ́ mú owó díẹ̀ dání fún oògùn ìyá rẹ àti dátà mi. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ẹlẹ́ṣẹ̀ tún máa tọrọ, ṣùgbọ́n ta ni mo tún ní? Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di ẹ̀gàn. Ẹni tó yẹ kó dúró tì ọ́ kò tún ní tì ọ́ ṣubú.

Ohun tí mo fi aṣọ ìnujú dì sínú àpòòwé yìí, fíláàṣì rẹ ni. Kò sọnù rí. Àpò agbádá tí mo máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló wà, òun ni mo ń gbé kúnlẹ̀ níbi àdúrà ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi. Gbà á, ọmọ mi. Tìrẹ ni.

Bàbá rẹ,
Adépọ̀jù