Kírẹ́dìtì Mẹ́fà Kọ́ Ni Ìfọwọ́sí

Ojúlé 12, Òpópónà Àlàó,
Ẹ̀gbẹ́dá,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Èrèlé, ọdún 1994.

Festus, ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

Báwo ni gbogbo ilé? Ṣé ẹsẹ̀ ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé Títí àbúrò rẹ ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀? Bàbá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń pè ọ́ ní "Lọ́yà" níwájú àlejò? Ara tèmi le. Inú mi ń dùn débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Fọ́ọ̀mù Jáàmù tí a jọ kùn, tí a fi ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì tuntun yẹn ṣe àkọ́kọ́, ó kù díẹ̀ kó gbé wa ṣubú! Mo fi tèmi han Àǹtí Adébùnmí, ọmọ onílé wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di lọ́yà. Wọ́n ní, "Nùrẹ́nì, ṣé òfin tibẹ̀ ní akirẹditéṣọ̀n?" Mo gbé àyà sókè, mo ní, "Àǹtí, kírẹ́dìtì mẹ́fà ni mo ní, ìjókòó kan ṣoṣo!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. "Ta ló bi ọ́ ní èsì Wáẹ̀kì, jàre?"

Wọ́n wá là á yé mi pé ìjọba lè fọwọ́ sí yunifásítì, síbẹ̀ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní ìfọwọ́sí tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní akirẹditéṣọ̀n. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n á lọ wò ó bóyá olùkọ́ pé, bóyá ìwé wà ní láíbìrì. Bí òfin kò bá ní ìfọwọ́sí, ilé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà kò ní gba ẹni tó kà á níbẹ̀. O mọ̀ mí, n kò gbà. Mo ní yunifásítì ṣáà ni yunifásítì. Wọ́n ní, "Olórí kunkun! Nítorí pé ọjà Ìkọ̀tún jẹ́ ọjà gidi, ṣé kí wolé-wolé má wo ẹran mọ́ kí alápatà tó tà á?"

Ni mo bá gba ọ́fíìsì yunifásítì náà lọ ní Ìkẹjà. Mo bi akọ̀wé ibẹ̀ láìfepo bọyọ̀. Akọ̀wé ní ìfọwọ́sí òfin ń bọ̀ lọ́nà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ni?" Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín, ó sì rọra sọ fún mi pé bí mo bá jẹ́ àbúrò òun, òun á ní kí n wá ibòmíràn lọ.

Festus, yunifásítì tí a fi ṣe ìkejì ni Àǹtí ti jáde, òfin tibẹ̀ sì ti ní ìfọwọ́sí tipẹ́. Pẹ́ńsùlù la fi kun fọ́ọ̀mù, ìrésà kò sì wọ́n. Pa àkọ́kọ́ rẹ́, kí o gbé ìkejì sípò rẹ̀. Mo mọ̀ pé Bàbá ti kéde ibi tuntun yẹn fún gbogbo ìjọ. Bí wọ́n bá bínú, má bá wọn jiyàn, má sì fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́. Mo ń bọ̀ ní Sátidé, èmi fúnra mi á bá wọn sọ ọ́.

Mo ti tún tèmi kùn, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lọ́wọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Jáàmù máa dẹ́kun gbígba fọ́ọ̀mù. Bí tìrẹ kò bá yí padà, tèmi kò ní kúrò nílé. N kò lè máa dá nìkan dé irun funfun yẹn sórí ní kóòtù!

Bá mi kí ìyá rẹ, kí o kí Títí, kí o sì fi ọ̀wọ̀ kí Bàbá dè mí.

Èmi ni tìrẹ, bó rọ̀ bó le,
Nùrẹ́nì