Fọ́tò Ṣọ́ọ̀bù Búrẹ́dì

Bàbá mi tí í gbọ́ ìròyìn kí wọ́n tó bọ́jú láàárọ̀,

Òtútù ti dé sí Toronto. Mo ti fi ọ̀rá di ojú fèrèsé kí owó iná má baà ga. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń sá bátìrì rédíò sóòrùn kí ó lè tún ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i? Ẹ̀yin ni mo jọ.

Mo ṣì ń di ẹrù sínú páálí ní Bolton. Bọ́ọ̀sì kì í tètè débẹ̀ láàárọ̀, nítorí náà àwa mẹ́ta la jọ ń wọ mọ́tò kan láti Etobicoke: Dereje tó ni mọ́tò, èmi, àti Selam, ọmọbìnrin kan tí mo lè bí lọ́mọ. Ọmọ Ethiopia ni àwọn méjèèjì. Dọ́là mẹ́jọ ni mò ń san lóòjọ́. Tí mo bá ní kí n wọ takisí, owó iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta á bá a lọ.

N kò mọ̀ pé ẹ̀yà wọn yàtọ̀ síra títí ìjà fi dé nílùú wọn. Tẹ́lẹ̀, Selam á wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná, Dereje á ní, "Ṣé o fẹ́ kí ikùn mi dà bíi ti olóṣèlú ni?" Òun náà á ní, "Ó ti dà bẹ́ẹ̀ tipẹ́, Uncle. Ẹ wa mọ́tò yín jàre."

Lẹ́yìn tí ìjà náà dé, Selam ṣì ń gbé búrẹ́dì wá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ṣàwàdà. Ọkùnrin kan wà tó ń ka ìròyìn ogun náà lórí fóònù Dereje. Toronto níbí ló jókòó sí tó ti ń pariwo, níbi tí ìbọn kankan kò lè bá a. Dereje kì í pa ìròyìn náà, àfi tí Selam bá fẹ́ wọlé.

Ní ọjọ́ Ajé, kí a tó dé ọ̀dọ̀ Selam, mo wo fóònù náà níwájú ọkọ̀. Fọ́tò ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì kan ló wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn búlúù, àgbàlagbà ọkùnrin kan dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun lára aṣọ. Baba Selam ni, nílùú wọn lọ́hùn-ún. Inú mọ́tò yìí ni Selam ti fi fọ́tò náà hàn wá tayọ̀tayọ̀, tí Dereje ní kó fi ránṣẹ́ sí òun. N kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ orúkọ baba náà lẹ́nu ọkùnrin yẹn, léraléra. Dereje da fóònù dojú bolẹ̀. Selam wọlé, ó kí wa.

Bàbá, nílé wa, tí ẹ bá ti ní rédíò ló sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Ǹjẹ́ ẹ rò ó rí pé ìròyìn lè pa èèyàn láìpurọ́? Ṣọ́ọ̀bù náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ilẹ̀kùn rẹ̀ búlúù lóòótọ́.

Mo sọ fún Selam ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi iṣẹ́. Èmi tí n kì í fomi ṣòfò, mo jẹ́ kí ẹ̀rọ omi máa dà kí wọ́n má baà gbọ́ wa. Ó pe baba rẹ̀ lójú mi. Baba náà fi í rẹ́rìn-ín, Selam sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi. Gbogbo àdúgbò ló ń jẹ búrẹ́dì òun, ta ni yóò ṣe òun ní nǹkan? Ó ní kó jẹ́ kí òun lọ, búrẹ́dì wà nínú ààrò.

Láti Ọjọ́rú, fóònù baba náà ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Selam kò wá síbi iṣẹ́ mọ́.

Mo ṣì ń wọ mọ́tò náà, Bàbá. Owó ilé wà lọ́rùn mi. Lánàá, Dereje yí ohùn ìròyìn wálẹ̀, ó bi mí jẹ́jẹ́, "Sístà, ilé baba yín tẹ́ ẹ máa ń sọ yẹn, ìlú wo ló wà ná? Àbúrò yín ló ń gbébẹ̀, àbí?"

Bóyá ó kàn ń wá ọ̀rọ̀ sọ ni. Mo ní a ti ta ilé náà, n kò sì ní èèyàn kankan níbẹ̀ mọ́.

Mo sẹ́ ilé yín, Bàbá. Mo sẹ́ àbúrò mi. Bó bá tún bi mí lọ́la, n ó tún sẹ́ ẹ.

Ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ kò kúrò lọ́dọ̀ yín rí.