Ẹ Má Pa Ètò Inú Kọ̀ǹpútà Mi Rẹ́

Èmi Sàúdátù Àbẹ̀kẹ́ Oyèwọlé, ìyá Moyọ̀sọ́lá, ará Ìwáyà, ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Ẹ̀rù ló kàn ń bà mí, torí Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí ọmọ mi kejì. Dókítà ní kò sí wàhálà, àmọ́ mo rí i pé ó wo fáìlì mi lẹ́ẹ̀mejì kó tó rẹ́rìn-ín.

1. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi, àbúrò mi Munirah ni mo fún. Bùláòsì pupa mi tó yá nígbà Iléyá 2023, kó máa wọ̀ ọ́ lọ. Mo ti dárí jì í.

2. Adìyẹ mi mẹ́ta, ìyá ọkọ mi ló ni wọ́n. Màámi, ẹ̀yin nìkan ni àkùkọ tó wà nínú wọn kì í ṣá lẹ́nu.

3. Kọ̀ǹpútà dúdú mi, Moyọ̀sọ́lá ni mo fún. Kíláàsì kejì girama ni mo ti kúrò níléèwé. Ṣọ́ọ̀bù àwọn atúnkọ̀ǹpútàṣe tí mo ti ń gbálẹ̀ ní Yábàá ni ọ̀gá mi Jude ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà tó sì ń darí ẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi kọ tèmi, tọ́mọ wà lẹ́yìn mi. Kò ní àwòrán, kò mọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló gbọ́: KỌ, KÀ, SÙN. Tẹ́ẹ bá tẹ KÀ, gbogbo nǹkan tí mo kọ fún ọmọ mi láti kékeré ló máa jáde.

Àfi ohun tí mo kọ lọ́jọ́ tí Moyọ̀ kọ́kọ́ rìn. Ẹ̀gbọ́n Rótìmí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló rí ojú kọ̀ǹpútà náà tó dúdú, wọ́n rò pé ó ti kú, wọ́n bá pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, wọ́n fi ètò tí gbogbo ayé ń lò sí i. Wọ́n gbé e wá tẹ̀ríntẹ̀rín: “Ìyàwó wa, mo ti bá ẹ jí i.” Ẹ̀dà tí mo ti tọ́jú síbòmíì tẹ́lẹ̀ ni mo fi dá a padà, àmọ́ iṣẹ́ oṣù mẹ́rin, títí kan ọjọ́ ìrìn yẹn, ti lọ. Mo sunkún, wọ́n ra súyà fún mi.

4. Ẹ̀gbọ́n Rótìmí náà ni kí wọ́n mú ìwé yìí ṣẹ. Ẹnu ya ọkọ mi. Mo ní ẹni tó ti ṣe é rí ló máa lé àwọn atúnkọ̀ǹpútàṣe yòókù sẹ́yìn. Tí ìlà kan bá ṣì ń ṣẹ́jú lójú kọ̀ǹpútà náà, kò kú o.

5. Bàbá Moyọ̀, tí mi ò bá padà, ẹ tẹ KỌ, kẹ́ẹ bẹ̀rẹ̀ ti ọmọ tuntun. Mo ti kọ ìlà àkọ́kọ́ sílẹ̀: Mo ti ń rẹ́rìn-ín sí ẹ kí n tó rójú ẹ.

Ọwọ́ mi rèé: Sàúdátù Oyèwọlé
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún, 2025

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣojú wọn:
Jude Nwosu, ọ̀gá mi
Kùdírátù Ọláníyì, aládùúgbò mi