Máṣíìnì Kékeré àti Màmá Tú-u

Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹwàá, 2024
Mo ti rà á! Ẹ̀rọ ìránṣọ kékeré, funfun, láti Owódé. Kò tó ìdajì owó máṣíìnì onírin tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Orí itan ni mo gbé e lé nínú mọ́tò títí dé Ìlaró, bí ọmọ ọwọ́. Èdè Faransé ni wọ́n kọ sí i lára—kò kàn mí. Tábìlì ìjẹun gbà á, àyè ṣì kù fún àwo ọbẹ̀. Dayọ̀ ọkọ mi ní ṣé ẹ̀rọ nìyí àbí ohun ìṣeré ọmọdé. Mo ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí.

Àìkú, 6
Kò síná.

Ajé, 7
Iná dé. Mo ṣẹ́ etí yunifọ́ọ̀mù Ọdúnayọ̀, ọmọ mi. Ọwọ́ ò gbàgbé! Ọdún méjìlá gbáko tí mo ti pa iṣẹ́ tì. Oṣù mẹ́ta ló kù kí n gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ Màmá Àṣíáwù, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ìránṣọ, tí oyún ọmọ yìí dé. Ojú tì mí, mo sá lọ. N ò dágbére. Màmá Tú-u ni mo ń pè é nínú ọkàn mi—bí ojú rírán bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, "Tú u!" ni. Mo fẹ́ràn obìnrin náà gan-an.

Ọjọ́bọ̀, 10
Hussainat ará ìsàlẹ̀ gbé aṣọ wá kí n bá òun rán búláòsì. Òun á sanwó. Ọwọ́ ń yún mi! Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀gá ò tíì dá sílẹ̀, ṣé ó yẹ kó gba iṣẹ́ aráyé? Ti inú ilé mi, ìyẹn ò lẹ́jọ́. Mo dá a padà, mo sọ ìdí rẹ̀ fún un. Dayọ̀ ní kí n lọ bẹ Màmá. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Ẹtì, 11
Mo dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo yí padà.

Ìṣẹ́gun, 15
Hussainat, ẹlẹ́nu jákujàku! Ó ti lọ sọ fún Màmá. Màmá fúnra wọn gun ọ̀kadà wá. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ foríjì mí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo máṣíìnì, wọ́n gbé yunifọ́ọ̀mù Ọdúnayọ̀, wọ́n fi èékánná ha etí rẹ̀. "Tú u." Mo tú u. Mo tún un rán níṣojú wọn, òógùn bò mí. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ó di Àbámẹ́ta. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbámẹ́ta, 19
Wọ́n dé pẹ̀lú àǹkárá tuntun. Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí láàárín pálọ̀, wọ́n ṣàdúrà fírídọ̀ọ̀mù fún mi látòkèdélẹ̀. Dayọ̀ ń ṣàmín. Lẹ́yìn náà wọ́n tú gèlè, wọ́n na apá méjèèjì. "Àṣìkẹ́, wọ̀n mí."
Màmá! Tí kì í jẹ́ kí ọmọṣẹ́ kankan wọn òun, tó ń rán tiẹ̀ fúnra rẹ̀! Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ti ń gbọ̀n, àwọn ò lè kó òwú sí abẹ́rẹ́ mọ́. Àti pé ìránṣọ àwọn ọmọṣẹ́ yòókù tí àwọn ti dá sílẹ̀ kò wu àwọn.
Wọ́n ti rù. Téèpù yí wọn ká, ó ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ. Mo sunkún lẹ́yìn wọn, wọn ò bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ní kí n yé fa imú, kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé yìí ló wà nítòsí:
Èjìká, 14. Àyà, 33. Ìbàdí, 35. Apá, 18.
Gígùn—dé kókósẹ̀. Wọn ò fẹ́ kí aráyé rí bí ẹsẹ̀ wọn ṣe tín-ín-rín tó.