Ewé, Èédú àti Ìgò Méjì

Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Mo gún ẹ̀fọ́ títí apá fi ń ro mí. Ohun tí mo sẹ́ jáde ni púrótíìnì, èyí tó ń bá ewé gba oòrùn. A ó kùn ún sára èédú pẹlẹbẹ, bóyá á fún wa níná mànàmáná tí oòrùn bá pa á. Ìmọ́lẹ̀ gidi máa ń bà á jẹ́ ká tó kùn ún, torí náà iná aláwọ̀ ewé nìkan là ń tàn ní yàrá ìwádìí. Gbogbo wa rí bí òkú ọjọ́ mẹ́ta. Àmì bọ́ lára ìgò méjì nínú fíríìjì — ìgò ewé, ìgò omi oníyọ̀. Mo lẹ̀ wọ́n padà.

Ìṣẹ́gun, 5
Màmá pè. Ó ní ṣé ẹ̀fọ́ náà ni mo ṣì ń kàwé lé lórí. Mo ní òun náà ni, Màmá.

Ọjọ́bọ̀, 7
Eléèédú, tá a jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní èédú ò nílò ewé kankan. Omi oníyọ̀ ló kùn sára tirẹ̀. Èmi kun ewé. A gbé méjèèjì sóòrùn. Tèmi: òdo. Tirẹ̀: mítà tó ń wọn iná fò sókè. Ó jó. Ijó náà ò dáa.

Ajé, 11
Mo tún un ṣe látinú ìgò kan náà. Òdo. Ọ̀gá ní lọ́jọ́ Ẹtì, iṣẹ́ kan ló máa kù nínú méjèèjì, ẹni tó ni ìkejì á máa lọ ilé. Ó ní òun ò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan — èmi nìkan ló sì ń wò. Ó dùn mí wọra.

Ọjọ́rú, 13
Eléèédú ra táì. Pupa.

Ẹtì, 15
Mo wá kó ẹrù mi. Mo gbé ìgò méjèèjì jáde kí n lọ dà wọ́n nù. Mo dé ojú fèrèsé. Ìgò tí wọ́n kọ omi oníyọ̀ sí ní àwọ̀ ewé yọ̀yọ̀ bíi koríko. Èyí tí wọ́n kọ ewé sí mọ́ lóló.

Lábẹ́ iná wa yẹn, bákan náà ni wọ́n rí. Lára èédú dúdú, ta ni yóò rí àwọ̀ ewé? Àfọwọ́fà ni, èmi ni mo lẹ àmì ọ̀kan mọ́ èkejì lára. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀.

Eléèédú ń kọ́ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tó fẹ́ sọ. Mo gbé ìgò síwájú rẹ̀. Ó tú táì jẹ́jẹ́.

“Ṣé ewé rẹ ló ń gbé mi jó látọjọ́ yìí?”

Mo ní òun ni.

A jọ wọlé lọ jẹ́wọ́. Ọ̀gá wo ìgò, ó wò wá, ó fọwọ́ bojú. Ó ní iṣẹ́ ewé ló dúró, ká jọ máa ṣe é, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àmì mọ́ láyé.

Mo pe Màmá. Mo ní ẹ̀fọ́ náà jẹ́. Ọmọ rẹ̀ ni kò mọ ìgò.