Ìgò Oògùn Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ sí Màmá

Dutsen Kura, Minna.
Oṣù Kẹwàá, 2008.

Ìyá Ayọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù Lọ́ńdọ̀nù o. Mo kí ọkọ yín àti Ayọ̀. Ògoolúwa àbúrò wa ti ríṣẹ́ olùkọ́ sí Barkin Sale, a dúpẹ́.

Màmá ńkọ́? Ẹ fọkàn balẹ̀, òòyì tó ń kọ́ wọn ti lọ! Nọ́ọ̀sì Fàtímọ̀ tó ń wá tọ́jú wọn nílé ló gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká wá. Ó ní kí n kó gbogbo oògùn wọn síta, ó sì ń tẹ orúkọ wọn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe tẹ èyí tí ẹ fi ránṣẹ́, ni kọ̀ǹpútà yọ lẹ́tà pupa.

Nọ́ọ̀sì ní, "Kai! Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà ni èyí àti èyí tí Ògoolúwa ń rà. Màmá, ṣé ẹ ń lo méjèèjì ni?"

Màmá ní, "Ọmọ mi méjì ló rà á. Ti ta ni kí n pa tì?"

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ó pe dókítà lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní ti Ògoolúwa nìkan ni kí Màmá máa lò. Màmá ti ń dá rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oògùn ránṣẹ́ mọ́ láì kọ́kọ́ sọ fún wa. Olúwa á máa ṣọ́ yín níbẹ̀.

Ìgò yín ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn o. Kulikuli ni wọ́n dà sínú rẹ̀. Láràárọ̀, bí wọ́n bá ti lo ti Ògoolúwa tán, wọ́n á mú ẹyọ kan jẹ nínú tiyín. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe ojúsàájú ọmọ.

Àbúrò yín,
Mofọláyọ̀.