Fọ́tò Kúnbi

Babáfẹ́mi àbúrò mi,

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, mi ò gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni. Ṣé ara ìyàwó àtàwọn ọmọ le ní Lọ́ńdọ̀nù? Orúnkún ń dùn mí. Yínká ọmọ mi gba owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù wọn, ó ra pẹ́ńsùlù fún mi, mo wá ń ya ojú àwọn ọmọ Ìsọlọ̀.

Ìyá Gàfárù rí àwòrán ọmọ rẹ̀, ó pariwo: "Màmá, ẹ ti fi èédú kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi!" Mo ní kó gbé ọmọ náà sétí fèrèsé. Òun náà rí òjìji lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ.

Ojú Kúnbi ọmọ mi tó kú nìkan ni mi ò rí yà. Mi ò rántí ibi tí òjìji ń bà sí lójú rẹ̀ mọ́. Fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo lo yá lọ́wọ́ mi kí o tó wọkọ̀ òkun. Ọlọ́run á ṣọ́ ilé rẹ. Dá fọ́tò mi padà.